Apẹ̀rẹ̀ Benedita

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Zulmira a máa gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Coimbra lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò ló máa ń wà nínú rẹ̀, àwọn tó sanra jù nínú ọgbà. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo àti ẹja gbígbẹ tó bá rà lọ́jà. Ó ní kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ẹ̀fọ́ tútù ṣe nígbà tí ọmọ tó ń ṣàìsàn wà nílẹ̀.

Benedita, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ọmọ náà. Etí adágún abúlé Zulmira ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, omi kànga tó wà létí rẹ̀ ló sì ń mu, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí oúnjẹ ò wù ú mọ́, tí ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lónìí kì í sí lórí rẹ̀ lọ́la. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, òjé, irin olóró, ni wọ́n bá níbẹ̀. Gbogbo abúlé mọ ibi tí òjé ti wá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ bátìrì àlòkù wà lókè odò tó ń ṣàn wọnú adágún náà, kí ìjọba tó tì í pa. Armindo, ọmọ Zulmira, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Coimbra. Ivone ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí omi yẹn bá mọ́ la máa padà.”

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni èpò àjèjì kan dé. Ó ń léfòó bí òjú-oró, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́ ó ti bo adágún pa. Àwọn apẹja kò rí ọ̀nà wa ọkọ̀ gbà, wọ́n ń ṣépè fún un. Ìjọba rán ẹnjiníà kan wá, obìnrin tó ń jẹ́ Noémia. Ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé èpò yìí lè fọ omi náà mọ́ fún wọn. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò máa wọ́ ọ jáde, ọkọ̀ yóò sì máa gbé e lọ.

“Gbé e lọ síbo?” Zulmira béèrè.

“Ibi tó jìnnà, màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí—”

“Àlàyé wo? Ajílẹ̀ wa lẹ fẹ́ wá jí kó.” Ó dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde.

Kì í ṣe ẹnu lásán ló ń já. Belmiro ni baba ọkọ rẹ̀, Serafim ló bí Belmiro, Gaudêncio ló bí Serafim, iṣẹ́ gbogbo wọn sì ni kíkó èpò adágún sórí oko. Iyanrìn lásán ni ilẹ̀ abúlé náà tẹ́lẹ̀. Èpò adágún ló sọ ọ́ di dúdú. Wọ́n ní ohun tí adágún bá bì, ti oko ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kó èpò jọ sétí omi de ọkọ̀. Ìbọ̀wọ́ nínípọn tó dé ìgúnpá làwọn tó ń kó o wọ̀. “Ẹ wo àwọn ọmọ ìgboro,” Zulmira a wí. “Ẹrẹ̀ ń bà wọ́n lẹ́rù.” Kí ọkọ̀ tó dé, òun á ti ti bárò rẹ̀ débẹ̀, á ti kó èpò kún un, á ti ti í padà.

Albino, apẹja àtijọ́ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ká a mọ́ ọn.

“Ìyá Armindo, olè ni yín o!”

“Bàbá ẹ lolè. Ta ló ń jalè nínú ìkòkò ara rẹ̀?”

“Obìnrin yẹn mà ní ká má—”

“Obìnrin yẹn ò mọ orí ọkọ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Wá bá mi tì í, àbí kó o padà lọ sùn.”

Albino rẹ́rìn-ín, ó sì bá a tì í.

Ọgbà náà gbà á. Kábéèjì ń tẹ́ ewé bí agboòrùn. Apẹ̀rẹ̀ kan di méjì.

Ní Coimbra, ara Benedita kò yá. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i. Dókítà ní kí wọ́n wo ọ̀dà ara ògiri, Ivone ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní kí wọ́n wo páìpù omi, Armindo pààrọ̀ wọn.

“Mo ti sọ fún yín,” Zulmira wí lórí fóònù. “Ìlú yẹn gan-an ni kò mọ́. Ṣé ó ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀?”

“Ó ń jẹ ẹ́, màmá,” Ivone dáhùn. “Òun nìkan ló ń lọ lọ́fun rẹ̀.”

“Ẹ bù sí i fún un.”

Nígbà tí òtútù lọ, èsì àyẹ̀wò omi jáde. Òjé ti tán nínú adágún, àti nínú kànga pẹ̀lú. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Armindo pè, ó ní àwọn ń gbé ọmọ bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Zulmira jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, ó sunkún, ó nu ojú, ó sì ránṣẹ́ pe Noémia wá jẹun. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń se kábéèjì.

Noémia gbé fọ́ọ̀kì. “Màmá, ẹ̀fọ́ yín mà dára o! Ajílẹ̀ wo lẹ lò?”

Zulmira nawọ́ sí ojú fèrèsé. Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, èpò adágún ga bí òkìtì, òdòdó àlùkò tó ti gbẹ ṣì wà lára rẹ̀.

“Mo jí i lọ́wọ́ yín,” ó wí. “Ó yá, ẹ wá mú mi.”

Noémia kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń jẹ nínú ọgbà yìí?”

“Èmi kọ́.” Zulmira na ọrùn rẹ̀ sókè. “Mi ò fẹnu kàn án rí. Ti Benedita ni gbogbo rẹ̀.”

Noémia rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì sọ fún un pé òjé adágún kò lọ síbì kankan, pé inú èpò yẹn ló kó sí, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gbé e lọ sin síbi tí ewúrẹ́ pàápàá kò ti lè fẹnu kàn án.