Tobin Tó Kọ̀ Láti Wọ Bọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé ìparí, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lágídí jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ mọ ẹni náà.

1.

Ogún ọ̀dọ́ ló gun kẹ̀kẹ́ kúrò létí òkun Fàjíníà lọ́dún kan, Kalifọ́níà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń fi ìrìn àjò náà tọrọ owó ilé fún àwọn tí ò lágbára àtikọ́lé, ìlú tí wọ́n bá sì dé, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀, wọ́n á gbé òòlù. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sùn. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀ ni oúnjẹ àárọ̀, òun náà ni tọ̀sán.

Ọ̀kan nínú wọn ni Tobin. Tobin ti búra pé òun ò ní jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ń bá wọn kẹ́rù, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ínṣì ọ̀nà náà lòun máa fi kẹ̀kẹ́ gbà. Ẹni tí orúnkún ń dùn tó bá wọ bọ́ọ̀sì, Tobin á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gbà mí, ta ló rán an níṣẹ́ ìbúra?

2.

Signe, ọmọ Minisótà, ni káfíńtà kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí ìlú kékeré kan ní Kánsásì, òun ló kàn láti gbẹ̀yìn. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó gbẹ̀yìn ò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé igi òrùlé ilé tí wọ́n ń bá Oralia kọ́ níbẹ̀ sókè. Oralia ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó bí ọmọ méjì, òun náà sì ti ń bá wọn kan ìṣó sílé náà láti oṣù mélòó kan. Òpin oṣù ló gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé tó háyà. Káfíńtà ìlú náà tó yẹ kó darí iṣẹ́ ń ṣàìsàn, Signe ni wọ́n gbójú lé. Ẹnì kan ti yá wọn ní kéréènì, ẹ̀rọ tó máa gbé igi náà sókè, láti agogo méjìlá sí méjì péré.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ kọjú ìjà sí wọn. Dwight, olórí wọn, wa bọ́ọ̀sì wá.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé! A ò ní débẹ̀ lásìkò báyìí, òjò sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Bọ́ọ̀sì kún, ó ku Tobin tí ẹ̀gún ti gún táyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti Signe tó ń ṣọ́ ọ.

"Mo ń padà bọ̀ wá gbé yín," ni Dwight wí. "Ẹ má kúrò lójú títì o."

3.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe lọ, Tobin gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

"Ó ní ká dúró," ni Signe wí.

"Ṣé mo ní mi ò ní dé ni?"

Nígbà tó yá, wọ́n rí bọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún yìí ṣe? Ó yà sí ọ̀nà eléruku kan láàárín oko wíìtì, ó lọ sá pamọ́!

Signe wo títì, ó wo ẹ̀yìn Tobin. Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, bọ́ọ̀sì ì bá gbé e. Òfin ló rò, ló bá tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì sì kọjá láìrí wọn. Ó ṣì ń bínú sí ara ẹ̀ dòní.

"Tobin! Orí ẹ dà rú ni? Òrùlé ni mo fẹ́ lọ kàn!"

"Ìdajì wákàtí péré ni. Ìwọ náà yára díẹ̀."

"Èmi? Ta ni táyà ẹ̀ ń jò látàárọ̀?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀gún fi gún táyà náà lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ti tán. Fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Signe sunkún ìbínú nínú eruku yẹn, ó sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́.

4.

Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé. Kéréènì ti lọ. Igi òrùlé wà nílẹ̀, àwọn yòókù jókòó tì í. Oralia, tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ yẹn, ṣì so àpò ìṣó mọ́ ìdí. Ó wo Tobin láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ lẹ wá gùn ni, àbí ilé lẹ wá kọ́?"

Tobin bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ara kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Wọ́n fi tapólì bo ilé náà. Ìjì fà á ya nírọ̀lẹ́, ògiri kan wó, gbogbo pákó ilẹ̀ mu omi, wọ́n wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Signe bẹ Dwight pé kí wọ́n dúró. Kò ṣeé ṣe: ìlú mìíràn ń retí wọn, kéréènì ò sì ní ráyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Tobin, kó ẹrù ẹ," ni Dwight wí. "Ilé lò ń lọ."

"Dwight, ẹ̀ẹ́! Mo ti gùn dé ìdajì!"

"Mo mọ̀."

Oralia kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí gáréèjì tí àbúrò ẹ̀ ń gbé mọ́tò sí. Ibẹ̀ ni òtútù ti bá wọn. Àbíkẹ́yìn ẹ̀ wúkọ́ títí di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, má fi ìbúra tí ẹnikẹ́ni ò ní kó o ṣe ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Bó o bá lọ ran èèyàn lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ ni kó o ṣe, fi òkìkí ara ẹ sílé. Wọ́n bá ní kó o wọ bọ́ọ̀sì, wọ̀ ọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn aláṣejù.