Ẹ̀wà Tí Òkété Ń Kí Láràárọ̀

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ kíláàsì Tìṣà Ìgbín. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olúkúlùkù ọmọ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀wà tó ti hù nínú agolo mílíìkì lọ gbìn sóko ilé-ìwé. Ti Òkété, ọmọ tí kò lọ́rẹ̀ẹ́, kò hù.

Ó wú u jáde nínú iyẹ̀pẹ̀ agolo, ó dárin:
"Ẹ̀wà mi, ṣé o ti jí?"
Ẹ̀wà gbè é:
"Jẹ́ n sùn o, jẹ́ n sùn."

Tìṣà rí i. "Òkété! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Àràárọ̀ ni mo ń wú u jáde kí i, mà. Òun nìkan ló ń dá mi lóhùn."

"Áà! Ta ló ń jí ọmọ lójú oorun, tó tún ń retí kó dàgbà?" Tìṣà fún un ní ẹ̀wà mìíràn.

Báyìí, àwọn yòókù wà lóko. Òkété gbin tuntun náà sínú agolo rẹ̀, ó jókòó tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò sì kọrin jí i mọ́.