Ohùn Balógun

Nínú gbogbo fíìmù tí òṣèré náà ti ṣe, òkú ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Ó mọ̀ ọ́n kú débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Olóògbé. Nígbà tí obìnrin olùdarí eré kan wá pè é pé òun ní ipa kan fún un, tí ipa náà sì ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Fíìmù kékeré ni, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìdáná olùdarí ni wọ́n ti ń ya á, ẹni tó ń di kámẹ́rà mú náà ló ń se oúnjẹ. Ìtàn ọkùnrin kan tó dá wà ni, tí ohùn kan lórí ayélujára ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi lọ dáná sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àlejò àdúgbò rẹ̀. Olóògbé ló máa ṣe ohùn náà, tí wọ́n ń pè ní Balógun. Ẹnikẹ́ni ò ní rí ojú rẹ̀.

“Wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa gbà ọ́ gbọ́,” olùdarí sọ fún un. “Tí o ò bá rí i kí oṣù tó parí, màá wá ẹlòmíràn. Má bínú sí mi o.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sá tọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ló ń ra búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ tọkọtaya àlejò tó wà ní òdìkejì títì, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, á sì ṣí ilẹ̀kùn.

“Kí lèmi máa ṣe níbẹ̀?” ẹ̀gbọ́n bi í.

“Màá máa sọ ọ̀rọ̀ Balógun sórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kàn máa dá mi lóhùn bíi ti ọkùnrin tó dá wà yẹn.”

“Ìyẹn ò le,” ẹ̀gbọ́n wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dáa rárá. “Arákùnrin mi,” Olóògbé á wí, “ẹ ò dá wà. A pọ̀ lẹ́yìn yín.”

“Balógun wo ló ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn báyìí?” ẹ̀gbọ́n á fèsì. “Sọ pé ‘o’. O sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ta ọṣẹ fún mi. Tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n ní ó yá jù. Ó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n ní ó wúkọ́ láàárín. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n fi yẹ̀yẹ́ sọ Balógun di orúkọ rẹ̀, kó tó kí i á kọ́kọ́ béèrè pé, “Balógun, o ti jẹun?”

Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn náà rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò bá a wí mọ́, òun gan-an ló wá ń pè láti béèrè pé, “Balógun, tòní dà?” Kì í wo ìwé eré tí Olóògbé fún un mọ́ tó bá ń fèsì. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àga ìyàwó rẹ̀ tó ṣófo, àti bó ṣe pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni ti kan ilẹ̀kùn òun. Olóògbé gbé fóònù náà fún olùdarí kó gbọ́.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, màmá.”

“Ẹ̀bùn ni. Ó dáa ju ẹni tí mo gbà síṣẹ́ lọ. Gbọ́ bó ṣe ń mí.” Ó dá fóònù padà fún un. “Ipa yẹn ti di tìrẹ.”

Olóògbé sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ sọ fún un. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ bisikíìtì gbígbẹ.

“Búrẹ́dì ńkọ́?”

“Mi ò rà á níbẹ̀ mọ́.”

“Ṣé kò dùn mọ́ ni?”

“Ó dùn.” Ẹ̀gbọ́n gbọn èérún kúrò láyà. “Ìgbà wo lo tún máa sọ̀rọ̀?”

Ẹyọ gbólóhùn kan ló kù, èyí tí Balógun fi ní kí ọkùnrin náà dúró de ìpè òun. Nígbà tí Olóògbé délé, ó sọ ọ́, ó fi í ránṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ò ní kó tún un sọ. “Mo gbọ́,” ló fi fèsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn èèyàn, Olóògbé fi ẹ̀wù rẹ̀ di àga kan mú de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó tún fi ohùn Balógun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè pa á lẹ́rìn-ín: “Arákùnrin mi, ọjọ́ náà pé. Gbogbo wa ti dé, ìwọ nìkan là ń retí.”

Àga náà ṣófo títí fíìmù fi parí. Kò bínú, ó mọ̀ pé àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ráyè. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, obìnrin kan sì sọ pé ohùn yẹn fẹ́ẹ̀ yí òun náà lọ́kàn padà. Olóògbé ò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò, ìpè ẹ̀gbọ́n ló wọlé, ó sì fi ẹ̀rín gbé e sétí.

“Balógun, mo ti ṣe é,” ni ẹ̀gbọ́n wí, tó ń mí gúlegúle, “iwájú ilé búrẹ́dì ni mo wà, iná náà ti dé òrùlé, àwọn yòókù dà?”