Onírun Dúdú Ni Kó Kọ́kọ́ Wọlé

Lachie Moncur ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti wọlé nígbà tí Nettie Gilfillan figbe ta láti inú pálọ̀.

"Dúró níbẹ̀! Má fẹsẹ̀ kan ilé mi o!"

Lachie dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó mú òdòdó lọ́wọ́ kan, ìgò wisikí lọ́wọ́ kejì, ó sì wọ yẹ̀rì onírun àgùntàn tí àwọn ọkùnrin Scotland máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ wọ̀ wá láti ọ̀hún. Òógùn ń ṣàn wọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Inú ooru ni ọdún tuntun máa ń bọ́ sí ní Kilbrae, ìlú tí àwọn ará Scotland tẹ̀dó ní gúúsù New Zealand. Inú òtútù Scotland ni wọ́n ti dá àṣà ọdún tuntun wọn sílẹ̀, Kilbrae kò sì ní tìtorí oòrùn lásán yí àṣà padà.

"Ẹ kú ọdún tuntun, Mọ́mì."

"Ọdún ò tíì tuntun nílé yìí. Irun orí rẹ ńkọ́?"

Lachie fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ó pọ́n bí epo. "Ó wà níbẹ̀, mà."

"Mo rí i. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé lọ́dún tuntun ló ń gbé ire tàbí òfò ọdún náà wọlé. Ọkùnrin gíga, onírun dúdú, tó mú èédú dání, ire ni. Onírun pupa, òfò ni. Ó ṣeni láàánú pé onírun pupa ló kún Kilbrae. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé náà kò sì gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Nílé àwọn ẹlòmíràn, tó bá ti ju èédú sínú iná, ó lè sọ̀rọ̀. Nílé Nettie, ó di ìgbà tó bá jáde síta kó tó lè sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò kan tí irun rẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ wọlé, ó wá tọrọ ṣúgà. Kò pẹ́ tí Archie, ọkọ Nettie, fi já bọ́ lórí àkàbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí ẹgbẹ́ ọmọ Scotland sì yọ Nettie nípò alága. Archie ní àkàbà náà ti jẹrà tipẹ́. Nettie ní àkàbà kì í dédé jẹrà.

"Ìbátan mi ní Scotland pè mí láàárọ̀ yìí," ni Nettie wí. "Ó ní àwọn fẹ́ lọ sùn ni, àwọn ò ní dúró de ọdún tuntun. Wọ́n fẹ́ sùn! Àwọn ará Scotland ò mọ Scotland mọ́."

"Ẹ bá mi mú pólíìṣì bàtà wá," ni Archie wí lórí àga rẹ̀, "kí n fi kun orí ọmọ yìí, ká lè jẹun."

"Bàbá Rhona, ẹ má fàṣà ṣeré!"

Ọ̀rọ̀ gidi ló gbé Lachie wá. Ó fẹ́ tọrọ Rhona, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ́jọ́ náà. Inú Nettie dùn sí i, nítorí ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé ìran Moncur àti ìran Gilfillan wá. Lachie sún mọ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́mì, ará Wellington yẹn ṣì ń pe Rhona?"

"Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ sì ti tó mi. Èwo nínú ìran rẹ̀ ló bá wa wọkọ̀ wá?"

"Wọ́n ti wà níbí kí ọkọ̀ tó dé ni," ni Archie wí.

"Mo ṣáà ti sọ."

Rhona jókòó sí igun pálọ̀, ó ń so okùn bàtà ìrìn rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí Lachie wọlé o, Mọ́mì. Ẹ rántí ẹsẹ̀ Dádì." Inú Lachie dùn pé Rhona fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Dunedin máa ń dúró nílé epo, káwọn èrò fi mu tíì. Lachie, lọ wò ó bóyá onírun dúdú kan wà níbẹ̀. Kó má sọ̀rọ̀ o!"

Nettie wo ọmọ rẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rí ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Lachie sáré lọ, yẹ̀rì ń gbá a lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ló mú dé, irun rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Mọ́mì, èédú wà nínú báàgì rẹ̀!"

"Ọlọ́run ló rán an!"

Àlejò náà tẹrí ba, ó wọlé, ó sì ju èédú sínú iná tó ń jó wòwò nínú ooru. Nettie fi ẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó gé kéèkì dúdú fún un, ó bu wisikí fún un. Àlejò jẹ, ó mu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ̀rọ̀.

"Ọmọlúàbí gidi! Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo ní ọmọbìnrin mìíràn, irú ẹni báyìí ni ǹ bá fún."

Lachie rẹ́rìn-ín lóde. Ẹ̀rín náà kò dénú.

"Ó yá, wọlé, ọmọ mi. Ilé ti mọ́."

Lachie wọlé. Àlejò dìde, Rhona náà dìde.

"Ẹ jẹ́ n sìn ín dé ìdí bọ́ọ̀sì."

"Sìn ín. A kì í jẹ́ kí ire dá nìkan lọ."

Rhona dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ ẹni tó ń lọ sílé epo. Lẹ́yìn náà, wọ́n jáde.

Lachie nu ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, Dádì, ohun tó gbé mi wá ni pé…"

"A ti gbà kó o tó sọ ọ́," ni Nettie wí. "Ìwọ ni ọkọ Rhona. Gbé ife rẹ sókè."

Wọ́n mu ún. Bọ́ọ̀sì fun fèrè bó ṣe ń kọjá níwájú ilé, Nettie sì sáré bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láti juwọ́ sí àlejò náà. Ọkùnrin náà yọ orí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó ti wà níta báyìí, ó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Mọ́mì! Ẹ kú ọdún tuntun o!"

Ohùn náà ni Nettie ti ń gé fóònù mọ́ lẹ́nu láti oṣù kẹjọ. Rhona tó jókòó ti ọkùnrin náà nínú bọ́ọ̀sì kò bojú wẹ̀yìn.