Sítíárìn Ara Ògiri

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí omi ò yọ nílé wa ní Ìta Fájì.

"Inú á máa run ẹni tó ti omi yìí pa!" Màmá àgbà ń ṣépè.

Gbogbo ilé ń ṣàmín. Èmi dákẹ́. Kò yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n mọ̀ pé ojú máa ń tì mí.

Bàbá Mọ̀núrù, púlọ́mbà àtijọ́, ń tọpa páìpù wa. Èmi àti Màmá àgbà ń tẹ̀lé wọn.

Páìpù wọ ilé ọtí tuntun tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Inú ibẹ̀ dà bí inú ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́: páìpù bàbà, jíà ńláńlá, aago tí gbogbo ìfun ẹ̀ wà níta. Ó ń wu èèyàn kó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ máa mu?" Theodora tó ni ilé ọtí ló ń béèrè.

"Omi. Èyí tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ wa ni kẹ́ ẹ gbé wá," Bàbá fèsì.

Bàbá rí irin róbótó kan lára ògiri, ó dà bí sítíárìn. Wọ́n yí i.

Kíá, ariwo ta láti ilé wa: "Omi ti dé o!"

"Yéè! A rò pé ọ̀ṣọ́ ni!" Theodora figbe ta. " Àwọn oníbàárà ló máa ń dì í mú ya fọ́tò."

"Ta ló kọ́kọ́ yí i?" Màmá fàbínú yọ.

Theodora nàka sí fọ́tò ńlá kan tí ẹnì kan ti di irin náà mú, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́: Oníbàárà Wa Àkọ́kọ́.

Màmá wo fọ́tò. Wọ́n wo híjáàbù tí wọ́n rà fún mi ní Mẹ́kà. Wọ́n tún wo fọ́tò. Híjáàbù kan náà ni.

"Mínírà lásán ni mo mu, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká èpè yẹn kúrò. Láti àárọ̀ ni inú ti ń run mí."