Àáfáà Onírùngbọ̀n Àlẹ̀mọ́
Oníjó kan tẹrí ba lórí ìtàgé ní Houston. Ìjọsìn ni ijó yíyí bí òkòtó yìí lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ìjọ rẹ̀. Àfi kí àáfáà àgbà fẹnu kan fìlà oníjó, kó yọ̀ǹda fún un, kó tó yí. Àáfáà ọ̀hún kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò bá àwọn tó ṣètò eré náà ta Ọlọ́run ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ni wọ́n bá háyà Gbóyèga, òṣèré, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé, wọ́n lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn lágbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe kíá,” oníjó náà sọ lábẹ́nu. “Irùngbọ̀n yín ti fẹ́ ṣí. Eré lásán ni.”

Gbóyèga fẹnu kan fìlà náà, kò gbórí kúrò.

“Àbúrò, Doyinsọ́lá ọmọ mi ò tíì lajú láti Sunday tí mọ́tò ti gbá a. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo ti gbà. Wọ́n ní Ọlọ́run máa ń gbọ́ tiyín tí ẹ bá ń yí. Ìdí tí mo ṣe gba iṣẹ́ yìí nìyẹn. Jọ̀ọ́.”

Oníjó náà na apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Fèrè tí wọ́n ń fun sí ijó náà dákẹ́. Àtẹ́wọ́ dún títí, ó tán. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Oníjó náà ṣì ń yí, ẹ̀rù ń bà á láti dúró.