Jíìpù Ládépọ̀ ní Òkè Agbónná

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìdó-Òkúta tiwa níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládépọ̀, ọmọ Fásanmí oníṣòwò pákó. Kì í jalè, kì í purọ́, ṣùgbọ́n agbéraga ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohun kan wà tí kò mọ̀. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ rí bí, nítorí náà ohunkóhun tó bá nàka sí, wọ́n á rà á.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀ ra jíìpù dúdú kan fún un, tuntun, tó ń dán yinrin. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọmọ náà fi kọ́ ọkọ̀ wíwà ní pápá ìṣeré. Èmi tí mo fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà òkè yìí, mo lọ bá bàbá náà. Mo ní, "Fásanmí, jẹ́ kí ọmọ yìí wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi ná." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Dérébà, ìyà tó jẹ wá kò gbọdọ̀ jẹ àwọn ọmọ wa." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ mo gbé e mì.

Ìbíyẹmí ni mo ń kọ́ nígbà náà, ọmọ àbúrò ìyá Ládépọ̀, ọmọ ogún ọdún. Ó ń fọ píkọ́ọ̀pù mi, ó ń pààrọ̀ táyà, ó ń wà á, ó sì ń tọ́jú owó tó máa fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá tirẹ̀. Ládépọ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dérébà elépo lára!" Ìbíyẹmí a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ mọ̀ pé kò sí awakọ̀ ìlú wa tí kì í dúró lórí Òkè Agbónná kó tó sọ̀ kalẹ̀. Wàá dúró lábẹ́ igi ìrókò, wàá wo táyà, wàá dán bíréèkì wò, wàá sì fi ọkọ̀ sí gíá kékeré kí ẹ́ńjìnnì lè dì í mú, kí bíréèkì má baà gbóná jù. Àwọn bàbá wa ló fi í lélẹ̀, nítorí pé òkè náà ti pa èèyàn rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ládépọ̀ ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Olúwa ti ṣíjú àánú wo obìnrin náà, ó ti lóyún oṣù méje lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, Ìbíyẹmí wà níwájú. Mo ń gbatẹ́gùn lábẹ́ ìrókò nígbà tí wọ́n dé. Mo nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Ọmọ náà fun fèrè sí mi, ó sì kọjá fìà! Ìbíyẹmí ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ fún mi.

"Dúró, Ládépọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo èèyàn ló ń dúró níbí."

"Mọ́mì, ọkọ̀ àtijọ́ nìyẹn wà fún. Eléyìí ń wa ara ẹ̀ ni."

Gbogbo bí òkè náà ṣe gùn tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí bíréèkì. Kò pẹ́, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Ó tẹ bíréèkì, ó rì wọlẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, asán ni. Afárá tóóró kan wà nísàlẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń kọjá lórí rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kò mú mọ́! Mo gbé!" Ládépọ̀ figbe ta, ó fẹ́ fi ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń pe Jésù.

"Má fi sílẹ̀! Dì í mú, fun fèrè!" Ìbíyẹmí nawọ́, ó fa gíá wálẹ̀ sí èyí tó kéré jù. Ẹ́ńjìnnì ké, eré dín díẹ̀, kò tó. Ó rí òkìtì yanrìn tẹ́nì kan fẹ́ fi kọ́lé lápá ọ̀tún. "Yà sí yanrìn yẹn! Yà síbẹ̀ báyìí!"

Gbàà! Jíìpù wọ inú yanrìn, iwájú rẹ̀ rún wómúwómú. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí afárá.

Èmi tí mo ń wò wọ́n láti òkè, mo sáré wọ ọkọ̀ mi. Nígbà tí mo fi píkọ́ọ̀pù débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ìyá náà. Mo gbé wọn dé ọsibítù. Ládépọ̀ jókòó sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún pé, "Mo ti pa ọmọ Mọ́mì." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a kò fi mọ ibi tó máa já sí. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà ní oyún náà dúró, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn títí yóò fi bímọ.

Fásanmí fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Má sunkún mọ́, màá ra òmíràn fún ẹ."

Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ ná."

Fásanmí wò mí lójú, ó sì dorí kodò. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà wá bá mi, ó ní kí n gba òun. Mo gbà á, Ìbíyẹmí ni mo sì fi ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìfẹ́ kọ́ ni kí ẹ gbé ohun tó lágbára ju ọmọ lọ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kò lè fún yín ní ìrírí; òógùn ojú yín ni ẹ ó fi rà á. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.